Láti Inú Apẹ̀rẹ̀ Obì dé Inú Ìkòkò Òdòdó: Ìtàn Ọgbọ́n Tí Ó Ń Mú Ohun Ọ̀gbìn Tí A Já Wà Ní Tútù

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ ìtàn ọgbọ́n tí aráyé fi ń dènà rírọ òdòdó tí a gé lára igi rẹ̀. A gbé ìtàn náà sí ẹ̀gbẹ́ ọgbọ́n àwọn olóbì ilẹ̀ wa, tí wọ́n ti ń mú obì wà ní tútù fún oṣù mélòó kan kí fíríìjì tó dé. Èrò wa ni pé ìlànà kan náà ni ó wà lábẹ́ ọgbọ́n méjèèjì, àti pé ọ̀nà obì ni ó yẹ kí olùkọ́ gbà wọ inú sáyẹ́ǹsì òdòdó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdọọdún, ní Àbújá àti ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn aláṣẹ máa ń gbé adé òdòdó kalẹ̀ fún ìrántí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti kú. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni Nàìjíríà ń ṣe ìrántí yìí tẹ́lẹ̀, bí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìjọba lé lórí ti ń ṣe é láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní. A yí i padà nítorí pé ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Ìyípadà yìí ní àbájáde kan tí àwọn ìwé ìtàn kì í sábà mẹ́nu bà: àárín gbùngbùn ọyẹ́ ni a ń gbé òdòdó náà kalẹ̀ báyìí, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú, tí ètè ń là, tí ewé ń ká kò. Kò sí àkókò mìíràn nínú ọdún tí òdòdó tí a gé ń yára rọ tó o.

Agbègbè tí ọ̀rọ̀ wa dá lé mọ ogun náà dáadáa. Oba wà lójú ọ̀nà tí ó ti Onitsha lọ sí Owerri, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Idemili South ní Ìpínlẹ̀ Anambra. Kò jìnnà sí etí Odò Ọya níbi tí wọ́n ti fi àdó olóró já afárá ní oṣù kẹwàá ọdún 1967. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní agbègbè yìí ni ó ní ẹni tí wọ́n ń rántí. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa òdòdó tí ó rọ kí ètò tó parí, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí alààyè ń fún òkú ni a ń sọ. Ìbéèrè wa ni èyí: kí ni ìtàn kọ́ wa nípa bí ohun tútù tí a já ṣe lè pẹ́ kí ó tó rọ, àti pé ta ni ó ti mọ ọ́n tẹ́lẹ̀ láàárín wa?

Ewé tútù ṣáájú adé òdòdó

Kí adé òdòdó tó wọ ilẹ̀ wa, àwọn bàbá wa ti ní ohun tútù tí wọ́n ń fi ṣe ayẹyẹ. Nílẹ̀ Yorùbá, ewé akòko ni a ń fi lé orí ẹni tí a fi jẹ oyè. Màrìwò, ìyẹn ọ̀dọ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ni a fi ń sàmì sí ibi ọ̀wọ̀. Nílẹ̀ Ìgbò pẹ̀lú, ọ̀dọ́ imọ̀ ọ̀pẹ yìí kan náà, tí wọ́n ń pè ní ọmụ nkwụ, ni àmì ohun mímọ́ àti ìkìlọ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé nítòsí ni a ti ń já ewé wọ̀nyí, nígbà tí a bá fẹ́ lò wọ́n. Kò sídìí tí a ó fi máa wá ọgbọ́n tí yóò mú wọn pẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àṣà gbígbé òdòdó sórí pósí, fífi òdòdó sí ọwọ́ ìyàwó àti títò ó sórí pẹpẹ bá ìjọ Kristẹni àti ìjọba amúnisìn wọlé. Ní Onitsha, ọdún 1857 ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ bíbí Òṣoògùn nílẹ̀ Yorùbá, dá ibùdó ìjọ sílẹ̀ pẹ̀lú J. C. Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àṣà òdòdó tí ó tẹ̀ lé ìjọ yìí yàtọ̀ sí ti akòko. Aago mẹ́jọ àárọ̀ lè jẹ́ àkókò gígé òdòdó, kí ìsìn bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá, kí a sì dé itẹ́ òkú ní aago méjì ọ̀sán. Àṣà tuntun yìí bèèrè ohun tí ewé akòko kò bèèrè rí, ìyẹn ni kí ohun tí a ti gé lára igi rẹ̀ dúró pẹ́.

Ọgbọ́n inú apẹ̀rẹ̀ obì

Bí akòko kò bá bèèrè ọgbọ́n yìí, obì bèèrè rẹ̀, àwọn olóbì sì dáhùn. Oríṣi obì méjì ni ọjà wa mọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni obì àbàtà, tí ó máa ń ní awẹ́ mẹ́ta sí mẹ́fà. Òun ni àwọn Ìgbò ń pè ní ọjị Igbo, tí wọ́n sì fi ń ṣe àlejò àti àdúrà ní Oba àti káàkiri ilẹ̀ wọn. Èkejì ni gbànja, olówẹ́ méjì, tí àwọn Haúsá ń pè ní goro. Orúkọ gbànja ń tọ́ka sí Gonja, ní àríwá orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Ghana lónìí, ibi tí àwọn oníṣòwò Haúsá ti ń ra obì tí ó ti igbó Asante wá.

Paul Lovejoy, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1980, ṣàlàyé bí ọ̀wọ́ àwọn oníṣòwò ṣe ń ru obì láti igbó Asante títí dé Kano. Ìrìn oṣù mélòó kan ni, ní ilẹ̀ gbígbẹ, lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti lórí ènìyàn. Bí obì bá gbẹ lọ́nà, ó di igi. Bí ó bá rin jù, ó bu. Èrè oníṣòwò wà láàárín méjèèjì.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò tíì parẹ́ láàárín àwọn olóbì. Bí wọ́n bá ti fọ́ èèpo ńlá, tí wọ́n kó ọmọ obì jáde, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi tàbí kí wọ́n kó o jọ títí awọ funfun ara rẹ̀ yóò fi jẹrà. Wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sẹ́ omi rẹ̀ kúrò, wọn a sì jẹ́ kí ó làágùn fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn ó tẹ́ ewé tútù sínú apẹ̀rẹ̀, bí ewé gbòdògì tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn ó kó obì sí i, wọn ó sì fi ewé bò ó lórí. Iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọn a tú apẹ̀rẹ̀ náà, wọn a ṣa èyí tí kòkòrò ti lu kúrò kí ó má baà kó ran ìyókù, wọn a yọ ewé tí ó ti gbẹ, wọn a sì fi tútù rọ́pò rẹ̀. Obì tí a bá tọ́jú báyìí lè wà ní tútù fún oṣù mélòó kan.

Kí ni ewé ń ṣe níbẹ̀? Obì tí a já kò tíì kú. Irúgbìn ààyè tí ó ń mí ni. Bí ó ti ń mí, omi ń jáde lára rẹ̀, ooru sì ń jáde pẹ̀lú. Ewé tútù ń fún afẹ́fẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rinrin, kò sì dí èémí. Bí a bá di obì mọ́ inú ọ̀rá tí kò ní ihò nínú ooru, omi yóò sun sí ara ọ̀rá náà, obì yóò sì bu. Olóbì kò lo ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kankan, ṣùgbọ́n ó mọ ohun mẹ́ta: má jẹ́ kí ó gbẹ, má jẹ́ kí ó gbóná, má jẹ́ kí èyí tí ó bàjẹ́ wà láàárín èyí tí ó dára.

Nígbà tí reluwé dé, ọgbọ́n yìí kò di aláìwúlò. Ńṣe ni ó gbòòrò. Àwọn àgbẹ̀ ẹ̀yìn odi Èkó, pàápàá ní Agége, ti ń gbin gbànja pẹ̀lú kòkó. Ní ọdún 1912, ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kano. Ìrìn oṣù mélòó kan di ìrìn ọjọ́ díẹ̀, obì Agége, Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ọjà lọ́wọ́ obì Asante. Ní Sábó ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1916, Abner Cohen, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1969, rí i pé òwò obì àti òwò màlúù ni òpó méjì tí ó gbé àdúgbò náà ró. Dídi obì jẹ́ iṣẹ́ tí a ń kọ́, tí a sì ń gba owó lé lórí. Ìmọ̀ tí ó gbé odindi àdúgbò ró báyìí kọjá ohun tí a lè pè ní àṣà àtijọ́ lásán.

Ohun tí yàrá ìwádìí rí

Ní àkókò tí obì ń wọ reluwé yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ní òkèèrè ń wá ìdí tí òdòdó fi ń kú láìtọ́jọ́. Ní ọdún 1901, Dimitry Neljubow ní Rọ́ṣíà fi hàn pé étílíìnì, ọ̀kan nínú èròjà inú gáàsì tí wọ́n fi ń tan iná nígbà náà, ni ó ń dààmú ọ̀dọ́ ẹ̀wà tí ó ń hù nínú ilé ìwádìí. Ní ọdún 1908, William Crocker àti Lee Knight kéde ìwádìí tiwọn láti Chicago: gáàsì yìí kan náà, bí ó tilẹ̀ kéré jọjọ, ń mú kí òdòdó carnation pa ojú dé bí ẹni tí oorun gbé lọ, kí ó má sì là mọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1934, Richard Gane ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé èso tí ó ń pọ́n fúnra rẹ̀ ń tú étílíìnì jáde.

Láti ibẹ̀ ni a ti mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a gbé ìkòkò òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tàbí máńgòrò. Òdòdó tí ó ti rọ pẹ̀lú ń tú u jáde, nítorí náà ó yẹ kí a yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ wo bí èyí ti sún mọ́ òfin olóbì tí ń ṣa èyí tí ó bàjẹ́ sọ́tọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkòrò ni ti olóbì, tí gáàsì sì jẹ́ ti olódòdó.

Ìwádìí tẹ̀ síwájú. Ní ọdún 1978, Veen àti van de Geijn ní Netherlands fi hàn pé oògùn kan tí a fi fàdákà ṣe lè dí ọ̀nà tí étílíìnì ń gbà ṣiṣẹ́ nínú carnation, ó sì mú kí òdòdó náà pẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n fàdákà inú omi ìdọ̀tí léwu fún ayé àyíká. Ní àwọn ọdún 1990, Edward Sisler àti Sylvia Blankenship ní Amẹ́ríkà mú gáàsì mìíràn tí a ń pè ní 1-MCP jáde, tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìlo fàdákà.

Ní ti adé òdòdó, ọdún 1954 ni V. L. Smithers ní Ohio mú fóòmù tí ń fa omi jáde, èyí tí olódòdó ń gún òdòdó sí títí di òní. Ṣíṣe é wá, ó ní àṣìlò tí ó wọ́pọ̀: bí a bá fi ọwọ́ tẹ fóòmù náà rì sínú omi, afẹ́fẹ́ yóò há sí àárín rẹ̀, òdòdó tí a bá gún síbẹ̀ yóò sì máa mu afẹ́fẹ́ dípò omi. Ńṣe ni a ń gbé e sórí omi, kí ó máa rì fúnra rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀ yìí ti di òwò ní Áfíríkà. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni Kenya ti ń gbin òdòdó fún títà sí Yúróòpù, tí agbègbè adágún Naivasha sì di ojúkò rẹ̀. Láti oko dé pápákọ̀ òfuurufú Nairobi dé Netherlands, òdòdó náà kì í bọ́ kúrò nínú òtútù. Bí ẹ̀wọ̀n òtútù yẹn bá já níbì kan, èrè já pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́ oníṣòwò obì ni a tún ń gbọ́ yìí. Òtútù ni ó rọ́pò ewé, ọkọ̀ òfuurufú sì rọ́pò kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ibi tí ọgbọ́n méjèèjì ti pàdé, àti ibi tí wọ́n ti pínyà

Òdòdó tí a gé dà bí obì ní ọ̀nà mẹ́ta: ó ń mí, ó ń sọ omi nù, ooru sì ń mú kí ó yára lo oúnjẹ tí ó kù lára rẹ̀. Nítorí náà, kùtùkùtù òwúrọ̀ ni kí a gé e, kí oòrùn tó fa omi ara rẹ̀. Inú ibòji ni kí a gbé e sí, jìnnà sí fáànù, fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé àti orí tẹlifíṣọ̀n. Ní àkókò ọyẹ́, aṣọ tútù tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi bò ó títí di wákàtí ètò yóò ṣe fún un gẹ́lẹ́ ohun tí ewé ń ṣe nínú apẹ̀rẹ̀ obì.

Ibi tí wọ́n ti pínyà ni pé obì kì í mu omi, òdòdó sì ń mu ún. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó wà nínú ọ̀pá òdòdó tí omi ń gbà gòkè. Ohun méjì ni ó ń dí wọn: afẹ́fẹ́ tí ó wọlé nígbà tí a gé e, àti kòkòrò àìfojúrí tí ń pọ̀ sí i nínú omi. Nítorí ti àkọ́kọ́, a ń tún ìdí ọ̀pá náà gé ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lábẹ́ omi, pẹ̀lú ọ̀bẹ mímú tí kò ní tẹ ẹ́ pa. Nítorí ti ìkejì, a ń fi ọṣẹ fọ ìkòkò, a ń já gbogbo ewé tí ì bá wà nínú omi kúrò, a sì ń pààrọ̀ omi lójoojúmọ́ tàbí lọ́jọ́ méjì-méjì.

Òdòdó tún nílò oúnjẹ. Nínú omi lítà 1, a lè po ṣíbí ìjẹun 1 ṣúgà, ṣíbí 2 omi ọsàn wẹ́wẹ́, àti ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí ìpotíì bílíìṣì. Ṣúgà ni oúnjẹ. Ọsàn ń mú kí omi tètè gòkè. Bílíìṣì ń pa kòkòrò àìfojúrí. Ṣúgà nìkan láìsí bílíìṣì yóò bọ́ kòkòrò ju òdòdó lọ. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: inú omi lítà náà ni kí a kán ọ̀kọ̀ọ̀kan sí, a kò gbọdọ̀ da bílíìṣì ògidì pọ̀ mọ́ omi ọsàn, nítorí gáàsì olóró ni yóò jáde.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí ìwé òkèèrè kò tẹnu mọ́ tó fún wa. Àwọn ìwé náà a máa sọ pé kí a gbé òdòdó sínú òtútù tí ó sún mọ́ odo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òótọ́ ni fún òdòdó róòsì. Ṣùgbọ́n òdòdó ilẹ̀ olóoru, bí heliconia àti anthurium, ń bàjẹ́ bí òtútù bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 10 sí 13 lọ. Ara rẹ̀ a dúdú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gbàgbé sínú fíríìjì. Ibòji tútù sàn fún wọn ju fíríìjì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni hibiscus: ọjọ́ kan ni òdòdó rẹ̀ ń là, kò sì sí omi tí ó lè sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ó mọ irú òdòdó tí ó wà nínú ọgbà rẹ̀ ni yóò mọ èyí tí ó yẹ kí ó gé.

Ohun tí èyí bèèrè lọ́wọ́ àwa olùkọ́ni

Ní ọdún 1922, ìròyìn ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes nípa ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà sọ pé kí a so ẹ̀kọ́ mọ́ ìgbésí ayé àwọn ènìyàn. Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wà nínú ohun tí ó ti ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ jáde. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọgbà náà di ibi tí a ń fi oko ríro jẹ akẹ́kọ̀ọ́ níyà. Nígbà tí ó di ọdún 1970, Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn; wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ. Ẹ̀kọ́ tí a rí dì mú níbẹ̀ ni pé èdè wa lè gbé sáyẹ́ǹsì, bí olùkọ́ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ọmọ ti mọ̀.

Nítorí náà, a dá àbá mẹ́ta. Èkíní, kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ pe àwọn olóbì wá sí kíláàsì kí wọ́n di apẹ̀rẹ̀ lójú akẹ́kọ̀ọ́, kí a sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, nítorí ọ̀rá ń gba ipò ewé lójoojúmọ́, àwọn tí ó mọ ewé sì ń dàgbà. Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àfiwé tí kò náni lówó: ìkòkò mẹ́rin, irú òdòdó kan náà tí a gé lẹ́ẹ̀kan náà, omi lásán, omi oníṣúgà, omi oníṣúgà, ọsàn àti bílíìṣì, àti èyí tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Kí wọ́n ka iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi dúró. Ẹ̀kẹta, kí a dán ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò dípò fóòmù fún adé òdòdó. Àwọn ará Thailand ti ń fi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ìdí ọkọ̀ òdòdó tí wọ́n ń gbé sórí omi nígbà ọdún Loy Krathong. Ìtì náà kún fún omi, ilẹ̀ sì lè jẹ ẹ́ tán, èyí tí fóòmù kò lè ṣe.

Ìkádìí

Ní Oba, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí Enoch Oli dá sílẹ̀ ní ọdún 1946 tí a ń pè ní Merchants of Light, ìyẹn àwọn oníṣòwò ìmọ́lẹ̀. Nínú ìwé Francis Bacon tí ó jáde ní ọdún 1627, orúkọ yìí ni a fún àwọn tí ń rìnrìn àjò kó ìmọ̀ wálé láti ilẹ̀ mìíràn. Ìtàn tí a sọ yìí fi hàn pé àwọn olóbì ti wà nínú òwò bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ru obì àti ọgbọ́n obì kọjá ààlà èdè, láti ọ̀dọ̀ Asante sí Haúsá sí Yorùbá. Ohun tí ó kù fún àwa olùkọ́ ni kí a má fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá wa nígbà tí a bá ń kó ìmọ̀ òkèèrè wọlé. Bí adé òdòdó tí a óò gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní tí ń bọ̀ bá ṣì tutù títí àwọn ìdílé olóògbé yóò fi kí ara wọn tán, ẹnì kan nínú akẹ́kọ̀ọ́ wa ni yóò ti fi ewé bò ó láti àárọ̀, tí yóò sì lè sọ ìdí rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀.